Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Kí Orúnkún Ọ̀jọ̀gbọ́n

Nílé, pẹ̀lẹ́ kì í ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹni tí o kò mọ̀ rí bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì ní Oǹdó, pẹ̀lẹ́ á ti jáde lẹ́nu rẹ kí o tó wo ojú onítọ̀hún. Bí àwo bá já lọ́wọ́ aládùúgbò, pẹ̀lẹ́. Bí ọmọdé bá sín, pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. O kàn ń jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé ojú rẹ wà lára òun ni. Mo dàgbà ní Oǹdó, mo lọ kàwé ní Àkúrẹ́, mo ń pín pẹ̀lẹ́ kiri lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ìlú tí mo wà báyìí, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn.

Mo wá síbẹ̀ láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan fẹ́ dìde lórí àga, ló bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá etí tábìlì. Èmi wà lódìkejì yàrá, mo ń ká táwẹ̀lì. Mo pariwo: "Háà! Sọ́rì sà! Sọ́rì o!" Sọ́rì ni àwọn tíṣà wa sọ pé pẹ̀lẹ́ ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan fún wọn, mà."

"Kí wá ló dé tó o fi ń tọrọ àforíjì?"

"Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbá tábìlì ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo gbé tábìlì síbẹ̀?"

Mo ronú sí i tọkàntọkàn, nítorí irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Mo ń bi ara mi bóyá èmi ni mo gbé tábìlì síbẹ̀ lóòótọ́. Ó rí i pé mò ń ronú, ojú rẹ̀ sì túbọ̀ le. "Níbí," ó ní, "ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń sọ sọ́rì. Má fi ẹnu ara rẹ kó bá ara rẹ."

Láti ọjọ́ náà, mo ń gbé pẹ̀lẹ́ mì bí ẹni tó gbé eegun ẹja mì. Mo wá fetí sílẹ̀ sí àwọn ará ibẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé wọ́n ń sọ sọ́rì jù wá lọ. Bí wọn kò bá gbọ́ ohun tó o sọ, sọ́rì. Bó o bá dúró sọ́nà wọn nínú ṣọ́ọ̀bù, sọ́rì, ojú wọn á sì le bí òkúta. Bí wọ́n bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu kí wọ́n lè sọ pé irọ́ lò ń pa, sọ́rì ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọn kì í bẹ ọ̀rọ̀ náà ni pẹ̀lẹ́.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù. Lọ́jọ́ kan, mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ibùdókọ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa tijú. Àánú ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ó ṣe mí bíi pé mi ò ṣubú, bíi pé mi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Mo dìde, mo gbọn ṣòkòtò mi, mo sì kí ara mi ní pẹ̀lẹ́ ní èdè Yorùbá, sókè ketekete. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá wò mí.

Nígbà tí mo gba oyè náà tán, físà mi ti ń lọ sópin. Bí mo bá fẹ́ dúró ṣe iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé, àfi kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà mí ṣe akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Mo kọ̀wé sí wọn káàkiri. Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn, ọmọlúàbí ni wọ́n. Gbogbo wọn ló sì fi sọ́rì bẹ̀rẹ̀. Sọ́rì, kò sí àyè. Sọ́rì, o ti pẹ́ jù. Nígbà tó yá, mi ò ka ìwé wọn kọjá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mọ́.

Ìgbà náà ni ètò kan tó ń ran àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lọ́wọ́ mú mi. Wọ́n á san owó ọkọ̀ ojú irin mi, wọ́n á fún mi ní ibùsùn àti oúnjẹ, kí n lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní wọ́kṣọ́ọ̀bù áljẹ́bírà àti tọpọ́lọ́jì ní ìlú mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo ti ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń wá akẹ́kọ̀ọ́, máa wà níbẹ̀. Òun nìkan ló kù tí kò tíì sọ sọ́rì fún mi. Mo pe ilé.

Ìyá mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbé fóònù sétí. Ó máa ń jẹ́ kó pariwo, kí àdúgbò lè mọ̀ pé ọmọ òun ló ń pè láti òkè òkun.

"Mọ́mì, wọ́n ti gbà mí sí wọ́kṣọ́ọ̀bù!"

Kí ó tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn Bàbá Kúnlé, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Mo ti ń sọ ọ́, ìwé nìkan ò tó. Ta ni ọ̀gá ẹ níbẹ̀?"

"Ẹ káàsán sà. Kì í ṣe wọ́kṣọ́ọ̀bù mọ́tò, sà."

"Jẹnẹrétọ̀ ni?"

"Ìṣirò ni, sà."

"Kò burú. Iṣẹ́ niṣẹ́. Ọdún mélòó lo máa fi kọ́ ọ? Ìgbà wo ni fírídọ̀ọ̀mù?" Fírídọ̀ọ̀mù ni ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ parí. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ Bàbá Kúnlé ló ti wọ aṣọ tuntun kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó tú wọn sílẹ̀.

"Bàbá Kúnlé, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀," ìyá mi wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bíi pé ìyẹn lè ṣèdíwọ́ fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́. "Kí tiẹ̀ ni tọpọ́lọ́jì yẹn?"

"Ẹ rántí òṣùká tí ìyá yín, Màmá Ìpogun, máa ń fi ru iṣu? Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ fà á gùn, ihò àárín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí kì í lọ bí èèyàn ṣe ń tẹ nǹkan, tó sì ń fà á, la máa ń wá."

"Bí mo bá tú òṣùká ńkọ́?"

"Ó di aṣọ lásán, Mọ́mì. Ihò ti lọ nìyẹn."

"Òun làwọn òyìnbó wá ń sanwó ọkọ̀ lé lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Olúwa tóbi," ni ó wí. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Àbúrò bàbá mi pè lọ́jọ́ kejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Alágbàká ní Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, Dádì Alágbàká la sì ń pè é. Òun ò ro mọ́tò rárá. "Wọ́kṣọ́ọ̀bù! Uṣẹ́ ńlá nìyẹn!" Bí inú rẹ̀ bá dùn, èdè Àkúrẹ́ ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "O ti dé ibi tí wọ́n ń dé. Ṣé wọ́n máa fún yín ní báàgì? Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ orúkọ, rí i pé tìrẹ wà lókè. Àmọ́ gbọ́ o, má bèèrè ìbéèrè kankan. Àwọn oníbèéèrè ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pín ráìsì."

"Ẹ ṣeun, Dádì."

"Kókó ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

Wọ́n fún wa ní báàgì lóòótọ́. Wọ́n tún fún wa ní káàdì orúkọ tí a ń gbé kọ́rùn. Okùn ti àwa tí wọ́n ràn lọ́wọ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí àwọn àgbà lè dá wa mọ̀, kí wọ́n sì fún wa níṣìírí. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí àgbà kan bá ti tajú kán rí okùn ewé, á rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe níta. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe máa ń sá fún ẹni tó ń pín àpòòwé ìkórè nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwa olókùn ewé fi ń fún ara wa níṣìírí. Marta ló máa ń jókòó tì mí, ọmọbìnrin Pólándì kan tí ẹnu rẹ̀ mú.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, obìnrin kan lára àwọn tó ṣètò náà wá bá wa jókòó. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni wá bẹ aláìsàn wò.

"Ṣé wọ́n ń kọ́ ìṣirò níbi tó o ti dàgbà?"

"Díẹ̀díẹ̀," mo ní. "A kà á dé ẹẹ́wàá."

Ó mi orí tàánútàánú. "O gbìyànjú gan-an ni." Tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú Marta jáde.

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bó bá lọ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹnì kan wà níbí tó lè kà dé ẹẹ́wàá ńkọ́? Mi ò gbádùn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá ṣe ẹ̀fẹ̀, èmi náà ni mo máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń jẹ́ Gerald. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Gerald, títí kan àwọn tí mo fi ọdún jù. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ? Mo dán "Sà Gerald" wò ní kọ̀rọ̀, Marta ní ńṣe ló dà bíi pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi í joyè. Mi ò pè é ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ò bá lè pè, báwo lo ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀? Ọ̀sẹ̀ náà ń tán lọ, mi ò tíì sọ gbólóhùn kan sí i létí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Mò ń pa ìmọ̀ràn Dádì Alágbàká mọ́ láìfẹ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ó ṣẹlẹ̀. Gerald wà níwájú bọ́ọ̀dù, ó ń fa ọfà láti orí nǹkan kan sí òmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi hàn, nínú irú ìṣirò yẹn, pé èyí ń gbé wa lọ síbi tọ̀hún. Ó fẹ́ yí padà, ló bá fi orúnkún gbá igun tábìlì. Gbì! Mo gbọ́ ọ nínú eegun ara mi. Gbogbo pẹ̀lẹ́ tí mo ti ń gbé mì láti ilé àwọn arúgbó sì já jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sọ́rì sà!"

Gbogbo gbọ̀ngàn náà yíjú sí mi. Gerald di orúnkún mú, ó wo bọ́ọ̀dù, ó wò mí. "Bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kò tọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹni bá sọ sọ́rì láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àṣìṣe ló rí. Wọ́n rò pé mo rí àṣìṣe, èmi olókùn ewé, nínú iṣẹ́ ẹni tó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ó yẹ kí n sọ pé orúnkún rẹ̀ ni mò ń kí. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá wa obìnrin ń dún létí mi: *ṣé ìwọ lo gbé tábìlì síbẹ̀?* Mo na ìka sí bọ́ọ̀dù.

"Ọfà kẹta yẹn, sà. Níbo ló ti wá?"

Ó wò ó. Gbogbo ènìyàn wò ó. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo nírètí pé kò mọ̀.

"Mo ti ṣàlàyé rẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Ó wà lápá ibi tí mo pa rẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tiwọn kì í ní ariwo, eyín nìkan ni wọ́n ń fi hàn, bí ẹni lanu fún dókítà.

"Sọ́rì," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni? Òmíràn tún wà?"

"Rárá, sà. Sọ́rì."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

Marta fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà ìsinmi, mo lọ sá pamọ́ síbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń ṣe mí. Ó dá mi lójú pé mo ti fi ẹnu ara mi ti ilẹ̀kùn tó kù. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí Gerald tiro wọlé wá mú oògùn nínú àpò kóòtù rẹ̀.

"Ìwọ lo bèèrè ọ̀rọ̀ ọfà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Sọ́rì, sà."

"O tún ti sọ ọ́. Kí lo fẹ́ gan-an?"

Ó rẹ̀ mí láti máa purọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé mi ò ní ìbéèrè, pé nílé wa, bí ẹnì kan bá farapa, ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ kí i, pé ẹni tí kò bá kí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, kódà bó jẹ́ pé ìlú Oda ni tábìlì wà tí òun sì wà ní Àkúrẹ́. Mo ṣàlàyé jù, bí ìṣe mi.

"Orúnkún mi lò ń kí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wo orúnkún náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án. "Ó ń dùn mí púpọ̀," ó wí, pẹ̀lú ohùn tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," mo ní. Yorùbá ló jáde.

Ó gbé oògùn rẹ̀ mì láìlomi. "A jẹ́ pé ọfà yẹn yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

"Wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́la, ní yàrá kékeré yẹn. Bí kò bá yé ọ, orúnkún mi á dárí jì ọ́. Èmi ò ní dárí jì ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ síkáàfù ọrùn mi, mo ká a bí òṣùká sórí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ihò. Ó lọ dáadáa títí mo fi dé ìdajì. Bọ́ọ̀dù wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dúró. Gerald kò sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe kíláàsì ìyá mi ni, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti máa sọ pé "pẹ̀lẹ́ o", kódà àwọn tó ń retí kí wọ́n nà mí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí burú ju ẹgba lọ. Mo ka kíkọ̀ sínú rẹ̀, mo ka físà mi sínú rẹ̀, mo ka bí wọ́n ṣe máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí mo kà á tán tí kò sì sí ohun mìíràn láti kà, mo yíjú padà sí bọ́ọ̀dù, mo wá rí i pé mo ti fa ọfà kan sódì. Mo pa á rẹ́, mo tún un fà, mo sì ṣe é dé òpin.

"Mò ń dúró dè ọ́ ni," Gerald wí. "Bí mo bá ti lanu, á di tèmi." Ó na síkáàfù mi sí mi. "Kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé ó gbà ni àbí ó kọ̀?" ìyá mi bi mí lórí fóònù.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Mọ́mì. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni."

Mo kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Mo wà ní yàrá ìsinmi òṣìṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó nígbà tí èsì dé sórí fóònù mi. Mo rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Mo pa fóònù dé. Mo jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo pe ilé.

"Mọ́mì, wọ́n kọ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní sọ́rì."

"Sọ́rì kí ni?"

"Sọ́rì náà ni, Mọ́mì. Mi ò kà á kọjá ibẹ̀."

Mo gbọ́ tí Bàbá Kúnlé dá irin tó ń lù dúró. Nígbà tí ìyá mi máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń pe ọmọ wá síwájú bọ́ọ̀dù ló lò. "Ṣé orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mo kọ́ ọ pé kó o máa dúró sí? Dìde dúró."

Mo dìde dúró, láàárín àga mẹ́ta àti ẹ̀rọ kọfí.

"Ka gbólóhùn náà parí. Sókè."

Mo kà á. "Sọ́rì pé ó pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn, orúnkún mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àyè náà jẹ́ tìrẹ, bó o bá ṣì fẹ́ ẹ."

Ariwo tó sọ ní Oǹdó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù mọ́ mi lọ́wọ́. "Ọ̀gá ti gbà á!" Bàbá Kúnlé ń ké. "Ìgbà wo ni fírídọ̀ọ̀mù?"

"Ó di ọdún mẹ́rin sí i, sà."

"Ọdún mẹ́rin! Lórí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo?"

"Lórí ihò òṣùká," ìyá mi dá a lóhùn, ó sì bú sẹ́kún.

Èmi náà ń sunkún nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin ṣílẹ̀kùn. "Sọ́rì," mo ní, mo ń nu ojú. Ó wo ilẹ̀ yíká láti mọ ẹni tó ṣubú.

Wọ́n ti pè mí sí wọ́kṣọ́ọ̀bù mìíràn láti ìgbà náà. Okùn mi kì í ṣe ewé mọ́. Èmi náà ti ń rántí nígbà mìíràn pé mo ní nǹkan láti ṣe níta, ojú sì máa ń tì mí bí mo bá ti dé ìta. Bí ènìyàn bá ṣubú lórí yìnyín, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi máa ń ṣe mọ́: nígbà mìíràn pẹ̀lẹ́ á jáde, nígbà mìíràn mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, kí onítọ̀hún má bàa tijú.

Láìpẹ́ yìí, èmi ni mo wà níwájú bọ́ọ̀dù, tí mò ń fa ọfà tèmi. Mo fẹ́ na ọwọ́ sókè, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá igi etí bọ́ọ̀dù.

"Sọ́rì!" ohùn kan wí láti ìjókòó iwájú.

Mo yí padà kíá, ojú mi ti ń wá ibi tí mo ti ṣìṣe. "Bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kò tọ́?"

Gerald gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó nà án sí apá mi.

"Ìgbọ̀nwọ́ rẹ ni mò ń kí, ìwọ ọmọ yìí."